Ta Ló Sọ fún Ọ Pé Tẹ́sítà Ló Bàjẹ́?

Ìwọ ọmọkùnrin tí o sá kúrò lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ iná lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ìwọ ni mo ń bá wí. N kò ní dárúkọ rẹ, nítorí ìyá rẹ ṣì ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lọ sọ́jà, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n bí o bá ń ka èyí, o mọ ara rẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígboro. Kí wọ́n jókòó tì ọ́, kí ẹ jọ gbọ́ ọ.

Alẹ́ Sátidé ni obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín pè mí. Kò tíì kí mi tán tó fi bú sẹ́kún. "Bàbá oníná, ọmọ yín ti ba tèmi jẹ́." Àyà mi já. Mo rò pé iná ti gbé ẹnì kan ni. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo gun ọ̀kadà, mo lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n fìríìsà méjèèjì ti jó, tẹlifíṣọ̀n ti jó, fáànù ti jó, gílóòbù tó wà ní títàn kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Láti àárọ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, omi ẹja sì ti ń ṣàn lábẹ́ fìríìsà bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà mú aṣọ àkísà, ó ń nu ilẹ̀, ó ń nù ún, bí ẹni pé bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, ẹja á tún padà dì.

Ó ní, "Ọmọ yín ló ṣe é." Ọmọ mi! O ti sá kúrò lọ́dọ̀ mi, o ti já àdéhùn tí bàbá rẹ tọwọ́ bọ̀, síbẹ̀ orúkọ mi lo fi ń gba iṣẹ́ kiri.

Mo ṣí D.B. tí o ṣe, àpótí tí a ti ń pín iná káàkiri ilé. Ilé àtijọ́ ni ilé náà, wáyà mẹ́rin ló wọ inú rẹ̀ láti orí òpó: pupa, yẹ́lò, búlúù àti dúdú. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yìí tán mọ̀ pé nínú àwọ̀ àtijọ́ yẹn, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni fésì mẹ́ta tó ń gbé iná, dúdú ni níútírà. Wáyà tí à ń rà lọ́jà lónìí ti yí àwọ̀ padà: búráwùn ló ń gbé iná, búlúù ni níútírà, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ni ti áàtìn. Búlúù àtijọ́, iná ni. Búlúù tuntun, níútírà ni. Kò sì tán síbẹ̀, nítorí dúdú tó jẹ́ níútírà láyé àtijọ́ ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé iná nínú wáyà fésì mẹ́ta ti ìsinsìnyí. Ilé tí wọ́n kọ́ kí wọ́n tó bí ọ kún ìlú yìí, wáyà tuntun ni a sì fi ń tún wọn ṣe. Ojoojúmọ́ ni àwọ̀ méjèèjì ń pàdé nínú àpótí kan ṣoṣo.

O rí búlúù nínú D.B., o rí búlúù lọ́wọ́ rẹ, o so búlúù mọ́ búlúù. Láàárín fésì kan àti níútírà, fóltì 230 ló wà níbẹ̀. Láàárín fésì kan àti fésì kejì, 415 ni àwa àgbà máa ń pè é. Ohun tí wọ́n ṣe láti jẹ 230 lo gbé 415 fún.

Mo bi obìnrin náà bóyá o yẹ iṣẹ́ rẹ wò kí o tó lọ. Ó ní o yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní o ti tẹ́sítà bọ ojú kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tàn. O tì í bọ ojú kejì, ó tún tàn. Ó ní o gbọn tẹ́sítà náà létí, o ní ó ti bàjẹ́, pé o máa ra òmíràn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, o sì sọ ọ́ sórí fèrèsé. NEPA mú iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. O gba owó rẹ, o lọ. Obìnrin náà ki àwọn ẹrù rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sùn. Ìgbà tí iná dé láàárọ̀ ni ohun gbogbo jó.

Ta ló sọ fún ọ pé tẹ́sítà ló bàjẹ́? Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà, tẹ́sítà yẹn nìkan ló mọ òtítọ́, ó sì ń sọ ọ́ fún ọ. Tẹ́sítà tó bá tàn lójú méjèèjì ń sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: yálà níútírà ti já níbì kan, tàbí ohun tí o pè ní níútírà kì í ṣe níútírà. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ síbi tí a fẹ́ yẹ̀ wò, ibi tó dá wa lójú pé iná wà la ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí, kí a lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ṣe tán, a ó tún padà tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo ti sọ èyí fún ọ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́, o sì ń dáhùn fóònù.

Àṣìṣe kì í ṣe tuntun. Èmi náà ti so wáyà òdì rí. Ohun tó ń jó mi nínú ni pé irinṣẹ́ rẹ kìlọ̀ fún ọ, o kò sì ní etí tó fi gbọ́ ọ. Etí yẹn, ọdún kejì àti ọdún kẹta ló ń ṣí i. Ohun tí o sá fún gan-an nìyẹn.

Kí ni oṣù mẹ́jọ kọ́ ọ? Ó kọ́ ọ láti gbé àkàbà, láti gbẹ́ ògiri, láti to páìpù sórí irin kí wọ́n tó da kọnkéré dẹ́kì, láti fi sípíríǹgì fa wáyà, láti de sọ́kẹ́ẹ̀tì. O mọ̀ pé wáyà 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 ni ti ẹ̀rọ amúlétutù. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo rẹ̀, n kò fojú kéré rẹ̀. Ọwọ́ rẹ yá, mo sì máa ń yìn ọ́ níwájú àwọn tó ṣáájú rẹ. Ibẹ̀ lo ti rò pé o ti mọ iṣẹ́ tán. Iṣẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé lo mọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà yẹn gan-an ni a sì ń kó ọmọ wá wò lọ́dún kejì.

Lọ́dún kejì, ǹ bá mú ọ lọ sílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Ǹ bá ní kí o fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o mọ bó ṣe gbóná tó. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, nítorí bí iná bá gbé àtẹ́lẹwọ́, ńṣe ni ìka máa ká mọ́ ohun tó dì mú tí kò ní lè jù ú sílẹ̀. Ǹ bá tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kí o rí síkúrù kan ṣoṣo tí ẹnì kan kò yí le. Wáyà kò já, kò sì sí ibi tó ti bó. Síkúrù yẹn ló dẹ̀. Ibi tí wáyà ti ń fara kan irin láì fara mọ́ ọn á máa gbóná, ike tó yí i ká á máa yọ́, ara ògiri á dúdú, ó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́fà kí ilé tó jó. Ǹ bá jẹ́ kí o gbóòórùn rẹ̀. Ike sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jó lábẹ́lẹ̀ máa ń rùn bí ẹja. Nínú ilé tí wọ́n ti ń ta ẹja, ta ni yóò fura bí kì í bá ṣe ẹni tí imú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?

O sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé o lè kọ́ èyí tó kù lórí YouTube. Èmi náà ń wò ó, mo sì ti rí ohun tó wúlò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gbóná lọ́wọ́ rẹ bí wáyà ṣe ń gbóná, kì í sì í rùn. Bí o bá fi ọ̀bẹ ha wáyà tí wọ́n tà fún ọ lọ́jà Aláàbà, tí o rí i pé kọ́pà tó ń dán lójú jẹ́ àwọ̀ lásán, pé funfun alumíníọ̀mù ló wà nísàlẹ̀, ọwọ́ tó di wáyà mú ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí wáyà yẹn fúyẹ́ jù. Ọwọ́ rẹ kò tíì gbé wáyà tó pọ̀ tó láti mọ èyí tó fúyẹ́.

Àwọn baba wa kò ṣèèṣì sọ nǹkan lórúkọ. Nígbà tí iná yìí dé, wọ́n wò ó, wọ́n pè é ní iná mànàmáná, ohun tó ń kọ yẹ̀rì lójú sánmà nígbà òjò. Lọ́dún 1964, Ben Enwonwu, ọmọ Igbo tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ gbayé kan, gbẹ́ ère Ṣàngó fún àjọ iná mànàmáná, wọ́n sì gbé e dúró níwájú ilé iṣẹ́ wọn ní Marina, l'Ékòó. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá gan-an mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń gbé ọ̀rọ̀ iná lọ. Ìwọ ọmọ Yorùbá wá ń bá a ṣeré. Eré kí ni ajá ń bá ẹkùn ṣe?

Jẹ́ kí n sọ ọ́ ní iye. Gílóòbù wáàtì 60 tó ń tàn nínú yàrá, iná tó ń fà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ámpù kan. Bí èyí tó kéré yẹn bá gba àyà ènìyàn kọjá, ó tó láti dá ọkàn rẹ̀ dúró. Fíúsì ámpù 13 tó wà nínú púlọ́ọ̀gì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nítorí wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ènìyàn. Ohun tó ń ṣọ́ ènìyàn ni áàtìn tó dára, àti ẹ̀rọ tó máa gé iná kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé bí mílíámpù 30 péré bá jò gba ibi tí kò yẹ.

Áàtìn wo lo ṣe sílé ẹlẹ́ja? Mo wá a pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wáyà aláwọ̀ ewé rẹ sọ̀ kalẹ̀ láti D.B., ó wọ inú ògiri, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí ọ̀pá kọ́pà nílẹ̀, kò sí èédú, kò sí iyọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ihò kankan lẹ́yìn ilé yẹn. O de wáyà náà kí ojú onílé lè rí i. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ, tó ń fi ọwọ́ omi ẹja ṣí fìríìsà onírin nígbà ogún lóòjọ́! Bí mo ṣe ń kọ èyí, ara mi tún ń bù máṣọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́ mi, ẹ má mi orí, ẹ má sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Ó kàn yín.

Ọdún 1976 ni bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, ọdún mẹ́rin ni mo sì lò níbẹ̀. Orí ògiri la ti ń rin wáyà nígbà náà. A ó kan pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi kílíìpì mú wáyà mọ́ ọn, bí ìlà bá wọ́ díẹ̀, ọ̀gá mi á ní ká tú gbogbo rẹ̀. Ó mọṣẹ́, Ọlọ́run bá wa dẹ ilẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Bó bá ti kù díẹ̀ kó ṣí bọ́ọ̀dù, á ní, "Lọ ra ẹ̀bà wá fún mi." Bí mo bá sáré lọ sáré bọ̀, ó ti pa á dé. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń ra ẹ̀bà. Nígbà tó yá, mo bẹ ìyá olóúnjẹ pé kó máa bá mi dì í láti àárọ̀, mo sì gbé e sínú àpò irinṣẹ́. Bí ọ̀gá ṣe ní kí n lọ rà á, mo nà án sí i lọ́wọ́ kan. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, wá dúró síbí." Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tún ń ṣe é lónìí. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò yín láàárọ̀, tó ń pọnmi fún ìyàwó yín, tó ń mú àwọn ọmọ yín lọ síléèwé, ìgbà wo ló fẹ́ rí inú D.B.? Ẹ ń bẹ̀rù pé bó bá mọ̀ ọ́n, yóò gba oníbàárà yín. Bí oṣù mẹ́jọ bá jẹ́ omi pípọn, kí ló máa mú un gbàgbọ́ pé ọdún kẹta máa yàtọ̀? Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ pé àsìkò ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ owó orí tí à ń san fún ọ̀gá, ó sì yáa sá lọ kí owó orí náà tó pọ̀ jù. Èmi kò rán ọmọ yìí ní omi, ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi tèmi. Ó yẹ kí n ti ṣí D.B. fún un lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kí n ní kó wò ó lásán, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó lè mọ bí ohun tí kò tíì mọ̀ ṣe pọ̀ tó. Mo rò pé kò tíì tó àsìkò. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, mo ti ń fi í hàn wọ́n.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ ṣe ìdánwò tíréèdì tẹ́ẹ̀sì ti ìjọba, láti ìpele kẹta bọ́ sí ìkejì, títí dé ìkínní. Ìwé tí ẹgbẹ́ ń fún ọmọ lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù, pẹ̀lú oyin àti iyọ̀ àti àdúrà, ohun iyì ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ẹni tí kò mọ bàbá ọmọ bá ṣe fún un ló máa ń tú àṣírí ibi tí ẹ kò kọ́ ọ dé.

Ó ku ẹ̀yin òbí. Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, ó mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò páálí méjì dání. Ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí àbúrò máa bọ̀, pé owó wà nínú iṣẹ́ iná lọ́hùn-ún. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ mi. Ìyá ní kí n dákun kọ ọdún mẹ́ta sínú ìwé fún un. Mo dá ọtí rẹ̀ padà. Ẹ̀yin tó ń fi ìlú òyìnbó yọ ọmọ lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ẹ mọ iye ọdún tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ ọ? Ní Bìrìtìkó, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ iná ń lò kó tó lọ kojú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní AM2, níbi tí wọn yóò ti so nǹkan òdì sílẹ̀ dè é pé kó wá a rí. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni, wọ́n sì máa ń ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi tó nǹkan bí 8,000. Ìwé irọ́ tí mo bá kọ fún ọmọ yín kò ní bá a wá àṣìṣe náà rí.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin onílé, kò gùn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ iná yín ní ìdajì iye tí àwọn yòókù pè é, ẹ bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ sì pe ọ̀gá náà. Wáyà olórí méjì tí ẹ fi ń ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gé e dànù. Iná yẹn máa ń gba mítà yín padà sórí òpó, yóò dé ọ̀dọ̀ tíráńsífọ́mà, ohun tó jẹ́ 230 níwájú ilé yín á sì di 11,000 lódì kejì, níbi tí ọmọ ẹlòmíràn ti gun òpó ní ìgbàgbọ́ pé kò sí iná.

Ìwọ ọmọ mi, mo padà sọ́dọ̀ rẹ. Mo ti tún D.B. náà tò. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo ri ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀, mo da èédú àti iyọ̀ sí i, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì sì dúró tì mí, wọ́n ń wò ó. Mo san owó fìríìsà kan. Èkejì wà lọ́rùn rẹ, obìnrin náà sì ti gbà pé kí o máa san án díẹ̀díẹ̀.

Tẹ́sítà rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Orí fèrèsé tí o sọ ọ́ sí ni mo ti mú un. Mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí iná wà, ó tàn. Mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí kò sí, kò tàn. Wá gbà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, kí o sì mú aṣọ iṣẹ́ rẹ dání.